Ipò Olórí Àbójútó Ewu Nínú Ilé-Iṣẹ́ Iná Mànàmáná ti Ìjọba: Àpẹẹrẹ Hydro One ní Ontario

1.0 Ìfáárà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé iṣẹ́ ẹni tí ó jẹ́ olórí àbójútó ewu ní ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ilé-iṣẹ́ tí yóò jẹ́ àpẹẹrẹ ni Hydro One, èyí tí ó ń gbé iná mànàmáná káàkiri Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ilé-iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi gbogbo ara ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó sì ṣe é kò fi ọ̀nà tí wọ́n gbà pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ iná ń tà kò jọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ń tà. Bí ọṣẹ bá tán ní ìsọ̀ kan, oníbàárà yóò yà sí ìsọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n wáyà ẹnì kan ṣoṣo ni ó wọ ilé. Bí iná bá lọ, oníṣẹ́-abẹ tí ó wà lórí aláìsàn kò ní ìsọ̀ mìíràn tí yóò yà sí. Nítorí náà, ewu tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá bojú tó, àwọn ará ìlú ni yóò rù ú, yálà nínú òkùnkùn tàbí nínú owó iná tí wọn yóò san.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé agbára olórí àbójútó ewu kò sí nínú kí ó máa ru ewu fún àwọn ẹlòmíràn. Agbára rẹ̀ wà nínú kí ó mú àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn tí wọ́n ní àṣẹ àti owó. Bí agbára yìí ti tóbi tó, ó ní ààlà. Ààlà náà ni ibi tí ewu bá ti jẹ́ ti àwọn alásẹ fúnra wọn.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

Ní ẹnu Yorùbá lójoojúmọ́, ewu ni ohun tí ó lè pa ènìyàn lára: ejò lójú ọ̀nà, odò tí ó kún. Nínú ìmọ̀ ìdarí ilé-iṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu ni ohunkóhun tí ó lè ṣẹlẹ̀, tí yóò sì dí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí ó pinnu láti ṣe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Èkíní ni bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Èkejì ni bí ọṣẹ́ tí yóò ṣe yóò ti tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó nílò àlàyé ni ‘àpapọ̀’. Ní ayé àtijọ́, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣọ́ ewu tirẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ń ṣọ́ tiransifọ́mà àti òpó iná. Akápò ń ṣọ́ gbèsè àti èlé. Agbẹjọ́rò ń ṣọ́ ẹjọ́. Ẹlòmíràn ni ó ń ra inṣọ́ránsì. Kò sí ẹni tí ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù ètò yìí ni pé ewu kì í mọ ààlà ẹ̀ka. Bí akápò bá dín owó igi gígé kù kí ìwé owó lè dára, ewu kò tán; ó ti ibi ìwé owó kúrò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà. Ní ọjọ́ tí ẹ̀ka igi bá kan wáyà tí iná sì jó oko ẹni, ewu kan náà yóò dé tábìlì agbẹjọ́rò, yóò sì padà di gbèsè níwájú akápò. Àbójútó ewu àpapọ̀ ni ètò tí ó ń kó gbogbo ewu wọ̀nyí jọ sí ojú kan, tí ó ń fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n wọ́n, tí ó sì ń fi wọ́n hàn fún ìgbìmọ̀ olùdarí.

Ìmọ̀ yìí kò pẹ́ púpọ̀ láyé. Ọsirélíà àti New Zealand gbé ìlànà tiwọn jáde ní 1995, wọ́n sì pè é ní AS/NZS 4360. Ìlànà COSO ti Amẹ́ríkà jáde ní 2004; ti ISO 31000, èyí tí ó wà fún gbogbo àgbáyé, jáde ní 2009. Hydro One ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ kí àwọn méjì tí ó kẹ́yìn yìí tó jáde.

3.0 Bí Hydro One Ṣe Dé Ipò Tí Ó Wà

Ní 1906 ni ìjọba Ontario dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mú iná láti inú agbára omi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ní owó pọ́ọ́kú. Adam Beck ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1974, orúkọ àjọ náà di Ontario Hydro. Òun ni ó ń pèsè iná, òun ni ó ń gbé e lórí wáyà, òun náà ni ó ń tà á fún ọ̀pọ̀ àwọn ará oko.

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1990, gbèsè ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Òfin kan jáde ní 1998, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, 1999, wọ́n sì pín Ontario Hydro sí wẹ́wẹ́. Gbèsè àti àwọn ìnáwó mìíràn tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ bílíọ̀nù 38.1 dọ́là Kánádà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń pèsè iná lọ sí ọwọ́ kan. Àbójútó ọjà iná lọ sí ọwọ́ mìíràn. Àwọn wáyà ńláńlá àti wáyà ìgbèríko bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó di Hydro One. Irú ìpínyà báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn NEPA. Òfin 2005 sọ ọ́ di PHCN, wọ́n sì gé e sí ilé-iṣẹ́ méjìdínlógún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 2013, ìjọba fa púpọ̀ nínú wọn lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn wáyà ńláńlá ṣẹ́ kù sí ọwọ́ ìjọba.

Ohun tí ìpínyà ń ṣe sí ewu ni kókó ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ wà nínú ilé kan, àṣìṣe ẹ̀ka kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá lè yanjú láàárín ara wọn. Lẹ́yìn ìpínyà, àṣìṣe kan náà di ọ̀rọ̀ àdéhùn, owó ìtanràn àti ẹjọ́. Hydro One tún ní ẹrù mìíràn lórí: ọjà iná fẹ́ ṣí, ìjọba sì ń gbèrò láti ta ilé-iṣẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ olùdarí fẹ́ mọ ohun tí ó lè bá wọn. Àwọn agbaninímọ̀ràn láti òde ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Àwọn yẹn ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ ìwé sílẹ̀, wọ́n sì lọ; ìmọ̀ tí wọ́n mú wá bá wọn lọ. Ní 2000, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ John Fraser, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka àyẹ̀wò abẹ́lé. Ìgbìmọ̀ olùdarí sì fọwọ́ sí ìlànà tí yóò máa tẹ̀ lé.

4.0 Iṣẹ́ Olórí Àbójútó Ewu

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yani lẹ́nu nípa ètò yìí ni bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti kéré tó. Olórí náà kò fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é, nítorí iṣẹ́ àyẹ̀wò abẹ́lé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni ó ń bá a ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí wà fún èyí. Bí ọ́fíìsì ewu bá tóbi, àwọn ẹ̀ka yòókù yóò rò pé àwọn ti rí ẹni tí yóò máa bá àwọn ṣọ́ ewu, wọn yóò sì gbàgbé tiwọn. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó ni ewu tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kò yẹ kí ayẹ̀wéwò tún jẹ́ olórí àbójútó ewu, nítorí kò sí ẹni tí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kí ó tún jẹ́ adájọ́. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn tí ó ṣeé fún un láti inú àpẹẹrẹ Hydro One ni pé olórí náà kì í pinnu ohun tí wọn yóò ṣe sí ewu kankan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu, àtakò náà borí.

4.1 Ìpàdé àti Ìbò

Ìpàdé ni ọ̀pá tí ó gbé ètò náà ró. Ṣáájú ìpàdé, wọn yóò fi àkọsílẹ̀ gígùn nípa àwọn ewu tí ó ṣeé ṣe ránṣẹ́ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Olúkúlùkù yóò yan èyí tí ó kà sí pàtàkì jù, títí àkọsílẹ̀ náà yóò fi di ìwọ̀nba díẹ̀. Ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ̀rọ ìdìbò kékeré yóò wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọn yóò dáhùn lórí ewu kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, báwo ni ọṣẹ́ tí ó burú jù tí ó bá ọgbọ́n mu yóò ti tóbi tó? Báwo ni ìdènà tí ó wà nílẹ̀ ti lágbára tó? Báwo ni ó ti ṣeé ṣe tó láàárín ọdún tí wọ́n ṣètò fún? Láti 1 dé 5 ni ìdáhùn. Iye ìbò yóò hàn lójú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ẹnì kejì dì.

Kì í ṣe nọ́ńbà tí ó jáde ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí gbogbo wọn bá di 3, ọ̀rọ̀ kò gùn. Bí àwọn kan bá di 1 tí àwọn mìíràn sì di 5, níbẹ̀ ni iṣẹ́ olórí àbájútó ewu bẹ̀rẹ̀. Yóò béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ń gun òpó mọ ohun tí ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì kò mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni ọ́fíìsì mọ òfin tuntun kan tí agunpó kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn ìjíròrò, wọn yóò tún ìbò dì. Bí ìbò ti wà ní ìkọ̀kọ̀ ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, nítorí òṣìṣẹ́ kékeré kì í sábà là á mọ́lẹ̀ lójú ọ̀gá pé iṣẹ́ ọ̀gá mẹ́hẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Delphi ni orúkọ ọ̀nà tí wọ́n ti mú ètò ìbò yìí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ìlú kan tí àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ti ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, bí ẹni pé àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Lójú Yorùbá, bí babaláwo bá dá Ifá, odù tí ó hù kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹbọ ni ó kàn. Bákan náà ni ìpàdé ewu rí. Àkọsílẹ̀ tí kò bá sọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan, ohun tí yóò ṣe, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é, odù tí kò ní ẹbọ ni.

4.2 Ìwọ̀n Tí Ó Ṣeé Fara Dà

Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè mú gbogbo ewu kúrò. Ìbéèrè tí ó kù ni ìwọ̀n tí ó ṣeé fara dà. Ní Hydro One, wọ́n fi òṣùwọ̀n 1 dé 5 sí ìdí ète kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ náà ní, irú bí ààbò òṣìṣẹ́, wíwà iná déédéé, owó àti orúkọ rere. Wọ́n sọ ohun tí 1 jẹ́ níbi owó, wọ́n sì sọ ohun tí 1 jẹ́ níbi wíwà iná. Láìsí èyí, ohun tí akápò pè ní ‘ńlá’ lè jẹ́ ‘kékeré’ lójú ẹnjiníà, àwọn méjèèjì yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bára mu.

Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, olórí àbójútó ewu yóò tún bá àwọn ọ̀gá ẹ̀ka sọ̀rọ̀, yóò kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, yóò sì gbé àkọsílẹ̀ ewu gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ síwájú àwọn aláṣẹ àti ìgbìmọ̀ olùdarí. Àkọsílẹ̀ náà yóò fi hàn bóyá ewu kọ̀ọ̀kan ń pọ̀ sí i, ó ń dín kù, tàbí ó dúró síbi tí ó wà.

4.3 Owó Tí Ó Tẹ̀ Lé Ewu

Ibi tí ètò yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni ibi ìpín owó. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ní ìpàdé ni owó ń tọ̀ lọ. Ní Hydro One, wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pín owó tí ó ń béèrè sí ìpele ìpele, kí ó sì sọ bí ewu yóò ti dín kù tó ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí mílíọ̀nù kan dọ́là lórí igi gígé bá lè mú ewu láti 5 wá sí 3, tí mílíọ̀nù kan náà lórí tiransifọ́mà ògbólógbòó sì mú tirẹ̀ láti 4 wá sí 3, igi ni owó yóò kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wà fún àlàyé nìkan, ṣùgbọ́n ìlànà tí ó wà nídìí wọn ni ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ lé. Nípa báyìí, ọ̀rọ̀ tí agunpó sọ níbi ìpàdé lè yí ibi tí owó ń lọ padà.

5.0 Ewu Òde àti Ewu Ilé

5.1 Òkùnkùn 2003

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, 2003, iná lọ ní Ontario àti ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù. Ìgbìmọ̀ tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ yàn ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ìpínlẹ̀ Ohio ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Igi tí wọn kò gé tó bí ó ti yẹ kan àwọn wáyà ńláńlá níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ sì ti kú láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí rọrùn. Wáyà so àwọn ilé-iṣẹ́ pọ̀ ju bí òfin ti pín wọn sọ́tọ̀ lọ. Igi tí ẹnì kan kò gé ní orílẹ̀-èdè kan lè sọ orílẹ̀-èdè kejì sínú òkùnkùn. Olórí àbójútó ewu kò lè gé igi Ohio. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni láti béèrè bí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ yóò ti dá iná padà ní kíákíá bí ti ẹlòmíràn bá bàjẹ́. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

5.2 Ewu Tí Ó Ti Ọ̀dọ̀ Onílé Wá

Ewu ilé le ju ti òde lọ. Ní oṣù kẹrin 2002, adájọ́ kan ní Ontario dá ẹjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì pè, ó ní òfin kò fún ìjọba ní àṣẹ láti ta Hydro One. Ìjọba ṣe òfin tuntun, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2003 ó kéde pé òun kò tà á mọ́. Láàárín èyí, àwọn ará ìlú gbọ́ pé owó tí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ariwo ta. Ní oṣù kẹfà 2002, nígbà tí ìjọba gbé òfin wá láti lé ìgbìmọ̀ olùdarí lọ, gbogbo wọn kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Ní 2015, ìjọba mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi di 2018, ìpín tí ó kù lọ́wọ́ ìjọba kò tó ìdajì mọ́. Owó iná ti wọ́n, ní ìgbèríko ní pàtàkì, owó ọ̀gá àgbà fún 2017 sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Doug Ford fi ọ̀rọ̀ yìí polongo ìbò, ó sì wọlé ní oṣù kẹfà 2018. Ní oṣù keje, ọ̀gá àgbà fẹ̀yìntì, gbogbo ìgbìmọ̀ olùdarí sì gbà láti kúrò. Ní àkókò náà gan-an, Hydro One fẹ́ ra Avista, ilé-iṣẹ́ iná kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá, àjọ tí ó ń ṣàkóso ohun amáyédẹrùn ní Washington kọ̀, ó ní ìjọba Ontario lè máa tọwọ́ bọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù kìíní 2019, àdéhùn náà tú, Hydro One sì san mílíọ̀nù 103 dọ́là Amẹ́ríkà fún títú rẹ̀.

Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ ṣàkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, owó ọ̀gá àgbà, ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní 2002 àti ní 2018. Ewu yìí kò fara sin. Ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, ará ìlú ń sọ ọ́. Kò sì tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ìbò ni ohùn àwọn tí wọ́n ń san owó iná, ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò lè ka ìbínú gbogbo ènìyàn sí ìjàǹbá tí ó já láti ọ̀run. Ìṣòro náà wà nínú ọ̀nà tí ètò fúnra rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Ètò ìpàdé àti ìbò gbára lé ẹni tí ó ni iṣẹ́ láti sọ ewu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù ọ̀gá àgbà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka kankan. Tábìlì ìgbìmọ̀ olùdarí ni ó wà. Agunpó lè dìbò lórí igi, kò sí ẹni tí yóò fún un ní ẹ̀rọ ìdìbò lórí owó ọ̀gá rẹ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣe àlàyé bí àwọn ènìyàn díẹ̀ ṣe lè kó ewu ilé-iṣẹ́ ńlá jọ sí ojú kan. Ọ̀nà náà kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ó gba òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí, ìpàdé tí ẹ̀rù kò bà ẹni kékeré láti sọ̀rọ̀, àti ìgbìmọ̀ tí ó ń jẹ́ kí owó tẹ̀ lé ohun tí ìpàdé rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba pín sí wẹ́wẹ́ ni ó nílò rẹ̀ jù, nítorí ewu tí ó bá ṣubú sí àárín ẹ̀ka méjì kì í ní olùṣọ́.

Ìtàn 2002 àti 2018 fi hàn pé nǹkan kan kù láti fi kún un. Nínú ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ará ìlú, ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ewu ní ojú ewé kan fún ìgbìmọ̀ olùdarí àti fún onílé fúnra rẹ̀, kí àwọn wọ̀nyí sì wọn ewu tiwọn ní òṣùwọ̀n 1 dé 5 tí wọ́n fi ń wọn ti agunpó. Olórí àbójútó ewu tí ó bá lè gbé ojú ewé bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn tí wọ́n gbà á síṣẹ́, tí wọ́n sì kà á, ti ṣe èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.